Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà Ilé Wa

Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìlú tí mo ti wá àti ìlú tí mo lọ, síbẹ̀ òkèèrè ni mo lọ. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ìlú Alákétu, ní òdìkejì bodè, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé Ìkòròdú, obìnrin kan tí mo fẹ́ ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Kétu. Ó ní, "Kétu Èkó tó wà níwájú yìí náà? Ṣebí ibẹ̀ ni mo ti kó ọjà láàárọ̀." Mo ní rárá, Kétu ti Alákétu, lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Háà! Kútọnu ni ẹ́!" Bí mo ṣe di ọmọ Kútọnu nìyẹn, èmi tí mi ò dé Kútọnu rí láyé mi.

Ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà nínú ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Mọ́mì Fúnmi àti ọkọ rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n á ti jáde kí àkùkọ tó kọ, ọmọ wọn á sì ti sùn kí wọ́n tó wọlé. Ilé náà tóbi, ó ní pálọ̀ ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Èmi àti Fúnmi àti jẹnẹrétọ̀ la ń gbé inú rẹ̀, àwọn tó ni ín kàn ń wá sùn níbẹ̀ ni. Mo máa ń rò ó pé ta ni àlejò nínú wa gan-an.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé èèyàn lè dá jókòó kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ohun tó ń ṣe é. Ní Kétu, tí mo bá dá jókòó díẹ̀ péré, ẹnìkan á yọjú pé, "Ṣé kò sí?" Níbí, mo lè ti àárọ̀ jókòó sí ìdí fèrèsé títí Fúnmi á fi ti ilé ìwé dé, odi ilé nìkan ni mo ń wò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ń fi tèmi ríran o. Gbogbo nǹkan ni mo ń wò, gbogbo nǹkan ni mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá sin ẹyẹ, èmi ni màá hú u kí n lè mọ ohun tó pa á.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé orúkọ tí wọ́n fún mi yẹn kì í ṣe orúkọ iyì. Tí nǹkan bá sọnù nílé kan, ohun tí àwọn aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ẹ ní ọmọ Kútọnu nílé ni?" Tí mo bá wọ ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ìmẹ̀kọ ni mo ti wá. Ìmẹ̀kọ wà níhà bodè tibí, kò sì jìnnà sí Kétu, irọ́ náà kò sì wúwo jù lẹ́nu mi. Ó dùn mí, àmọ́ ó jẹ́ kí n rí ata rà ní àlàáfíà.

Mọ́mì Fúnmi lóore. Nígbà tó rí i pé mo mọ abẹ́rẹ́ lò, ó gbà kí n máa lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Benson tí Fúnmi bá wà nílé ìwé. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi jẹ́ ọmọ bíbí Ìkòròdú, obìnrin tó lẹ́nu bí abẹ. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé bùbá, àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dá oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ rẹ̀ ṣáájú àkókò dúró. Ọjọ́ kan, mo ń kọjá ní Gáràjì Ìkòròdú, àlejò kan dá mi dúró, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, níbo ni mo ti máa rí ọkọ̀ Ìjẹ̀dẹ́?" Èmi! Mo nawọ́ hàn án bí ẹni tó ni gáràjì, mo sì fi ẹ̀rín rìn délé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nǹkan ńlá ló ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe Màámi. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ́pọ̀ nígbà náà, èmi ò sì tíì ní tèmi. Mo máa ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agboòrùn ní Benson, Màámi á sì ti jókòó dè mí lọ́dọ̀ tíṣà àdúgbò wa tó ní fóònù. Ó máa ń pariwo bíi pé ohùn rẹ̀ ló fẹ́ fi sọdá bodè.

"Ṣé wọn ò tíì fẹ́ ọ síbẹ̀?"

"Màámi, ta ló fẹ́ fẹ́ mi?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi lọ síbẹ̀, ó lọ́kọ síbẹ̀. Ọjọ́ tí bàbá wa kú, a ò mọ ibi tí a máa ránṣẹ́ sí. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ò tẹ ilé wa rí. Mi ò ní kó o má lọ́kọ o. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà ilé wa ni kó o fẹ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, má mú un wá, nítorí kò ní mú ọ wá."

Màá ní mo ti gbọ́. Màá tún sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá kí i lọ́dún yìí. Ọdọọdún ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ọdọọdún ni nǹkan sì ń dí mi lọ́wọ́.

Ọdún tí Mọ́mì Fúnmi fẹ́ tún ilẹ̀ ilé ìdáná ṣe ni Músíyé wọ ayé mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Ní Ìkòròdú nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tẹ́ táìlì sílé, Kútọnu ló ń wá. Wọ́n gbà pé àwọn ni ọwọ́ wọn tọ́, àwọn ni wọn kì í kánjú. "Ṣé Kútọnu ló bá yín ṣe é?" ni àlejò máa ń bèèrè tó bá rí ilẹ̀ tó tẹ́jú, onílé á sì gbé àyà sókè. Ó jọ mí lójú gan-an. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú mi nídìí ìkòkò ni wọ́n fi ń yin ẹni tó di táìlì mú.

Mọ́mì Fúnmi pè mí jáde láti ẹ̀yìnkùlé. "Wá o, wá o! Ará ilé ẹ rèé!"

Ọkùnrin gíga kan kúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó na okùn láti ògiri dé ògiri, sìmẹ́ńtì funfun ti bo orí rẹ̀ bí ewú. Inú mi dùn débi pé mo fi gbogbo Faransé tó kù nínú mi kí i, mo pè é ní ọ̀gbẹ́ni lédè náà, ó sì di orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. "Bọ́ǹjú, Músíyé!"

"Wi," ó ní, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bi í ní Faransé pé ìlú wo ni.

"Wi, wi."

Èmi náà ò pẹ́ nílé ìwé. Mo rò pé èmi ni mo ṣì í sọ, ojú sì tì mí. Ó yíjú sí Mọ́mì Fúnmi, ó ní, "Madam, emi, Àjàṣẹ́. Emi, Gùn. Yorùbá, díẹ̀ díẹ̀." Mọ́mì Fúnmi mi orí bí ẹni tó ra ojúlówó ọjà. Èmi ò gbọ́ Gùn, èdè àwọn ará Àjàṣẹ́ ní òdìkejì bodè, torí náà mo ní mo máa kọ́ ọ ní Yorùbá.

Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́, mi ò rí irú Músíyé rí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ́ ọ lónìí, ó ti mọ̀ ọ́n sọ lọ́la, tòun ti àmì ohùn rẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìdáná kò tíì parí tó fi ń sọ gbólóhùn gígùn. Mo gbà pé olùkọ́ tí ayé ò tíì mọ̀ ni mí. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé bóyá ìránṣọ kọ́ ni Ọlọ́run dá mi fún. Ọjọ́ kan, mo ní kó ṣe kíá kí n lè ráyè dáná, ó gbé táìlì kan sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n."

Mo dúró. "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn? Èmi ò kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn!"

Ó wúkọ́. Ó wo táìlì, ó wo òkè àjà. "Emi... rédíò," ó ní.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ mi. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun nìkan ni mo lè jókòó tì kí n ní "nílé wa" láìbojúwẹ̀yìn. Mo sọ fún un nípa ọyẹ́ Kétu, nípa bàbá mi tó ti kú, nípa bí mo ṣe ń parọ́ Ìmẹ̀kọ nínú ọjà. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ò gbọdọ̀ tijú ilé ẹ," ó sì wolẹ̀ bíi pé òun ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ṣáájú kí n tó mọ̀ pé mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ó mú mi lọ sí Ìjẹ̀dẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. A jókòó létí ọ̀sà, obìnrin kan dín ẹja fún wa. Músíyé mú orí ẹja, ó tú u palẹ̀ eegun kan lẹ́yìn èkejì, ó ń dárúkọ ẹja tí àwọn ọkọ̀ ojú omi gbé kọjá bí ẹni tó ń dárúkọ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Mo rò ó, mo ní Àjàṣẹ́ náà kúkú ní ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Tí èèyàn bá ti dé ìlú yín, ọ̀nà wo ló máa gbà dé ilé yín?"

"Tó bá ti rí Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, kó gba ọwọ́ òsì."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Igi àgbálùmọ̀ ńlá kan wà níwájú ilé wa. Abẹ́ rẹ̀ ni Màámi máa ń jókòó sí tó bá ń ṣa ẹ̀wà."

"Ilẹ̀kùn yín, àwọ̀ wo ni?"

Mo dá a lóhùn, inú mi sì ń dùn pé ẹnìkan fẹ́ mọ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo wá rò ó wò: ará ilé mi ni, kí ló dé tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń ròyìn ilé?

Ọ̀gá mi aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Mo se ìkọ́kọrẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ Ìjẹ̀bú tí ọ̀gá kọ́ mi. Iṣu ewùrà tí wọ́n rin ni, wọ́n á máa ṣù ú sínú ọbẹ̀. Músíyé yà wá kí wa, ó wo inú abọ́, ẹnu rẹ̀ sì yára ju orí rẹ̀ lọ. "O ti rò ó jù! Wọn kì í tètè rò ó, o máa jẹ́ kí ó dì ná." Ó pa ẹnu dé, ó rántí iṣẹ́ kan tó ń dúró dè é, ó lọ.

Ọ̀gá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ọmọ yìí, Kútọnu wo ló mọ ìgbà tí wọ́n ń ro ìkọ́kọrẹ́?"

"Rédíò," mo ní.

"Rédíò ló bí ẹ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bọ̀bọ́ yẹn, bí kò bá ṣe Ìjẹ̀bú, á jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Wò ó dáadáa kó má lọ jẹ́ pé ó níyàwó níbì kan."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ pańpẹ́. Mo bi í pé àwọn ọlọ́kadà Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní sẹ́míjàn, àwọ̀ wo ni ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀. Gbogbo ọmọ tó ti gbé ibẹ̀ rí ló mọ̀ pé àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

"Ẹ̀wù wọn?" ó ní. "Ó sinmi lórí ẹni tó bá wọn fọ̀ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí, mo sì bínú sí ara mi pé mo rín. Ìyẹn ni ìṣòro náà. Irọ́ tó ń pa fún mi ń dùn mọ́ mi, mo sì ti sọ fún Màámi pé mo ti rí ọmọ ilé wa. Màámi ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo fà á lọ sábẹ́ agboòrùn, mo gbé fóònù lé e létí.

"Ṣé dáadáa lo wà, ọmọ mi?" Ohùn Màámi jáde débi pé àwọn tó ń kọjá lọ gbọ́. "Ọmọ ta ni ọ́ ní Àjàṣẹ́?"

Òógùn bo Músíyé. "Alo? Alo? Màámi? Nẹ́tíwọọ̀kì o! Nẹ́tíwọọ̀kì!" Ó dá fóònù padà fún mi bí ẹni tó gbé ẹyin iná. Ìyá onífóònù ní fóònù òun ò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Mo pinnu láti dán an wò. Bùbá àti ìró kan wà tí mo ti ń rán fún Màámi, aṣọ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá ò tún ọwọ́ mi ṣe lórí rẹ̀. Mo dì í, mo gbé e fún Músíyé, mo ní, "O ní o máa ń lọ sílé. Kétu ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Àjàṣẹ́. Bá mi gbé e fún ìyá mi." Mo ń wo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti wá àwáwí, kó dárúkọ iṣẹ́, kó dárúkọ àìsàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Màá gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn," ó ní, ní Yorùbá tó mọ́ gaara.

Ọjọ́ tó ní òun ń lọ, mo lọ ra òwú ní Gáràjì Ìkòròdú. Òwú kì í ṣe ohun tí kò lè dúró di ọjọ́ mìíràn, kí n má parọ́. Mo rí i. Ẹrù ìyá mi wà léjìká rẹ̀, ó ń wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Kì í ṣe ọ̀nà bodè kankan, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni! Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ro aṣọ ìyá mi lára ìyàwó ẹlòmíràn, mo bẹ́ sínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú òwú mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́, mi ò mọ orúkọ tí mo máa bèèrè, nítorí Músíyé kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Mo rí àwọn bàbá kan tí wọ́n jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń wá ọkùnrin gíga kan tó ń tẹ́ táìlì. Ọmọ Kútọnu ni."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu omi ojú. "Kútọnu! Mufu ni wọ́n ń pè ní Kútọnu! Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n níbí. Ìyá rẹ̀ nìyẹn lọ́hùn-ún nídìí ààrò ẹja."

Obìnrin náà ń yí ẹja padà lórí ààrò, èéfín bo ojú rẹ̀. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn láìgbójú sókè, ó ní tó bá ṣe iṣẹ́ táìlì ni mo bá wá, Mufu ti lọ o, kò tíì pẹ́.

"Ibo ló lọ, mà?"

"Kétu." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n ṣàdúrà fún òun, òun ń rin ìrìn àjò. Mo ní ìrìn àjò wo ló wà ní Kétu, ṣebí lọ́nà Ìkòròdú ni? Ó ní rárá, Kétu tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó ní òun gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kan láti jẹ́ fún ìyá rẹ̀, òun ò sì lè ṣàìjẹ́ ẹ. Ọmọ tí kò kọjá Bàdágìrì rí láyé! Ó kó ẹja mi tó dára jù, ó ní èèyàn kì í lọ́wọ́ òfo lọ sílé ẹni." Ó wá wo ojú mi wàyí. "Ìwọ, ọmọ ibo ni ọ́?"

Ìmẹ̀kọ ti dé orí ahọ́n mi. Kò sí ìgbà tí ìbéèrè yẹn kì í já mi láyà. Mo ní, "Ọmọ Kétu ni mí, mà. Kétu yẹn gan-an."

Ìyá Mufu patẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹja kan bọ́ sínú iná. Ó fi àga lọ̀ mí, ó fún mi lómi, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá kan láti Kútọnu ló kọ́ Mufu níṣẹ́ ní Ìkòròdú. Nígbà tí ọ̀gá náà padà sílé, ó fi irin iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Mufu ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á ní, "Ṣé Kútọnu ni ẹ́?" Ó máa ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni òun, wọ́n á ní kó máa lọ kó lọ pẹja. Ó pẹ́ kó tó sú u. Ọjọ́ kan ló ní "Wi," wọ́n sì ní kó wọlé.

"Má bínú sí i jù," Ìyá Mufu ní. "Àwa gan-an, ìlú Èkó ni àwọn bàbá ńlá wa ti wá, wàhálà ọba ló gbé wọn dé ibí. Ibí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibí ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Títí di òní, Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń pè wá."

Mo jókòó sídìí ààrò yẹn, mi ò mọ èyí tí màá ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín. Inú bí mi gan-an. Mo ti fún ọkùnrin yẹn ní ilé mi láti ẹnubodè dé àwọ̀ ilẹ̀kùn, kò fún mi ní orúkọ rẹ̀ lásán. Ó jẹ́ kí n kọ́ òun ní èdè ìyá òun! Síbẹ̀ mo ń rò ó pé orúkọ tí mo sá fún lọ́jà ni òun sá wọ̀ kó lè jẹun, àwa méjèèjì la sì ń tijú ohun tí a jẹ́ fún àwọn ènìyàn kan náà. Ẹ̀rù wá bà mí. Màámi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi "wi, wi" tàn. Tó bá mọ̀ pé ará ibí ni, á lé e lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ wa á sì parí síbẹ̀, nítorí mi ò lè fẹ́ ẹni tí ìyá mi kọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gba fóònù lábẹ́ agboòrùn.

"Ọkùnrin rẹ dé," Màámi ní.

"Màámi, ẹ gbọ́ ná. Kì í ṣe ọmọ ilé wa."

"Ta ló ń sọ fún ta? Ó dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ní 'Emi, Àjàṣẹ́.' Mo ní kó gbé ẹja yẹn sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí ìyá bí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, ó ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni òun, Mufutau lórúkọ òun. Ó ní ìwọ lòun kò tíì rí ojú sọ fún."

"Ẹ wá lé e?"

"Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ ilé yìí. Ó ní ìwọ lo júwe rẹ̀ fún òun, ó dárúkọ Ìdènà, ó dárúkọ igi, ó dárúkọ ilẹ̀kùn. Ó ti ṣìnà títí kó tó dé, bàtà rẹ̀ ti já. Sìmẹ́ńtì tó ti fọ́ lójú sàréè bàbá rẹ, ó ti tún un ṣe. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, ọwọ́ ọmọ yẹn tọ́."

Ẹkún tí mo gbé mì ní Ẹ̀pẹ́ ló wá bọ́ lábẹ́ agboòrùn. "Irọ́ ló pa fún mi, Màámi."

"Ìyẹn wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Tó bá dé, bá a jà dáadáa, mo ti sọ fún un pé o máa bá a jà. Èmi, ohun kan ṣoṣo ni mo bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa fẹ́ ọ. Ó mọ ọ̀nà ilé wa, àbí kò mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n, mà."

Mo rò pé nẹ́tíwọọ̀kì ti lọ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, kò pariwo mọ́.

"Ilẹ̀kùn tó wá kò sí níbẹ̀ mọ́, ọmọ mi. A ti kùn ún ní àwọ̀ mìíràn. Wọ́n ti la ọ̀nà tuntun kọjá lẹ́yìn Ìdènà, ọwọ́ òsì tó o sọ fún un ti di. Ìdí tó fi ṣìnà nìyẹn. Ìwọ ni kò mọ ọ̀nà ilé wa mọ́."

Ìyá onífóònù yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Tó o bá ń bọ̀," Màámi ní, "jẹ́ kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn máa rìn níwájú."

Nígbà tí Mufu padà dé, mo bá a jà, ìjà náà sì ju bí Màámi ṣe rò lọ. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, kò ní wi kankan. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo bi í pé àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn wa báyìí. Ó ní ká jọ lọ wò ó. Kí oṣù yẹn tó parí, a lọ, òun ló sì ń rìn níwájú.